Ta Ló Kọ́kọ́ Gba Mẹ́dàlì Ìjàkadì Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà?

Láti Òkè Àrin dé Ìsàlẹ̀ Èkó, orúkọ méjì ni àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá máa ń dá bí a bá bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ gba mẹ́dàlì ìjàkadì Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà. Àwọn kan á ní Daniel Igali ni, ní Sydney lọ́dún 2000. Àwọn mìíràn á ní Blessing Oborududu ni, ní Tokyo. Àkọsílẹ̀ náà fọ́n káàkiri, òmíràn sì ń ta ko òmíràn, ìdí nìyí tó fi yẹ ká tò ó síbi kan. Èrò tèmi ni pé ìwé méjì ló yẹ ká ṣí: ọ̀kan fún mẹ́dàlì, ọ̀kan fún iṣẹ́ àwọn tó kọ́ àwọn oníjàkadì. Bí a ṣe da méjèèjì pọ̀ ló fa àríyànjiyàn. Ní ti ayé àtijọ́, gídígbò ti wà nílẹ̀ Yorùbá, ìjàkadì wà láàárín Ijaw àti Haúsá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ́ máàtì fún wa. Ẹ̀yà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń torí ẹ̀ jiyàn.

Ọmọ Eniwari ní ìpínlẹ̀ Bayelsa ni Igali. Òun ló ṣaájú àwọn oníjàkadì Nàìjíríà lọ sí ìdíje Commonwealth ní Victoria, ní Kánádà, lọ́dún 1994. Nígbà tí àwọn yòókù ń bọ̀ wálé, ó dúró, ó ní kí wọ́n gba òun bí asásálà. Ó wọ Simon Fraser University, Dave McKay kọ́ ọ níbẹ̀, ó sì di ọmọ Kánádà. Ó gba ipò kìíní lágbàáyé ní Ankara ní 1999. Ní Sydney, ó borí Arsen Gitinov ti Rọ́ṣíà ní àṣekágbá ìwọ̀n kílò 69. Ó tẹ́ àsíá Kánádà sórí máàtì, ó sáré yí i po, ó kúnlẹ̀, ó fẹnu kò ó. Àwọn kan á ní ilé ló ti kọ́ ìjàkadì, pé ó ti tó ọmọ ogún ọdún kó tó lọ. Òótọ́ ni, inú ìwé kejì la ó sì kọ ìyẹn sí. Mẹ́dàlì ní òfin tirẹ̀. Ẹ wo Nojim Maiyegun, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Èkó, tó gba idẹ ní Tokyo ní 1964, mẹ́dàlì Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú eré èyíkéyìí. Austria ló lọ gbé, ibẹ̀ ló kú sí ní 2024, síbẹ̀ tiwa ni mẹ́dàlì náà, nítorí àwa ló jà fún lọ́jọ́ náà. Òfin tó fi Maiyegun sílẹ̀ fún wa ló fi góòlù Igali sílẹ̀ fún Kánádà; a ò lè di ti Maiyegun mú ká tún máa fa ti Igali.

Nítorí náà, Oborududu ló ni ipò àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, nínú ìdíje Tokyo tí kòrónà sún síwájú, Tamyra Mensah-Stock ti Amẹ́ríkà borí rẹ̀ ní 4-1 ní àṣekágbá kílò 68, Oborududu sì gba fàdákà. Ará Ghana ni bàbá Mensah-Stock, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ kọ góòlù rẹ̀ sí orúkọ Ghana? Ní ti ìwé kejì, ọdún 2002 ni Terry Steiner ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, kó tó di pé ìjàkadì obìnrin wọ Òlíńpíìkì ní Athens ní 2004. Àwọn kóòṣì ilé bíi Purity Akuh ló kọ́ tiwa, ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé kejì sì tọ́ sí wọn.

Lójú mi, Odunayo Adekuoroye, ọmọ Ondo, ló ga jù nínú gbogbo oníjàkadì wa. Wọ́n á ní kò ní mẹ́dàlì Òlíńpíìkì. Ṣùgbọ́n ó gba idẹ àgbáyé ní 2015, fàdákà ní 2017, idẹ mìíràn ní 2019, àti góòlù Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022. Ní Tokyo, Anastasia Nichita ti Moldova dá a dùbúlẹ̀. Bí èjìká méjèèjì bá ti lẹ̀ mọ́ máàtì, ìjà parí nìyẹn, iye àmì yòówù kí èèyàn ti kó jọ. Irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ kò lè pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́.

Igali padà wálé, ó di ààrẹ àjọ ìjàkadì Nàìjíríà, ìgbà tirẹ̀ sì ni fàdákà Oborududu dé. Ní Paris ní 2024, Adekuoroye àti Oborududu tún lọ, pẹ̀lú Esther Kolawole àti Christianah Ogunsanya, ṣùgbọ́n wọn ò gba mẹ́dàlì.