Àlùfáà Kò Bá Ifá Tan

Lágbègbè Okokomaiko àti Ọ̀jọ́, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kéú là ń pè ní Ààfáà. Ẹni tó ń darí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tàbí ti Àgùdà là ń pè ní àlùfáà. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Wọ́n ní Lárúbáwá ló ni ti mọ́sáláṣí, pé ojúlówó Yorùbá ni ti ṣọ́ọ̀ṣì: "a-lù-Ifá", ẹni tó na Ifá tó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn odi LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Akọ̀wé, apẹja, adájọ́: ohùn àárín ni "a" tó ń sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ohùn ìsàlẹ̀ ni àlùfáà fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fa ohùn gùn nígbẹ̀yìn, èyí tí Ifá kò ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà, à ń dá Ifá, à ń ki Ifá, à ń bọ Ifá. Ìlù là ń lù.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: àlùbáríkà, àlùbọ́sà, Àlùkùráánì. "Al" èdè Lárúbáwá ló wà níwájú gbogbo wọn. Èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn, nítorí náà a ki "u" bọ àárín: al-baraka di àlùbáríkà, alfa di àlùfáà, ẹnu sì gé e kúrú sí Ààfáà. Bí "lu" inú àlùfáà bá jẹ́ lílù, kí ni àlùbọ́sà lù?

Alfa yìí kò gba ilẹ̀ Haúsá wá. Málàámù ni Haúsá ń pe onímọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn Songhai, tí ìlú Gao àti Timbuktu wà lábẹ́ wọn, ló ń pe ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn ní alfa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pe Mahmud Kati, akọ̀wé ìtàn wọn. Ní Futa Jallon, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, náà, Karamoko Alfa ló darí ìjọba Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ní 1988, onímọ̀ kan, Stefan Reichmuth, tẹ iṣẹ́ jáde lórí ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá lọ́wọ́ Songhai. Àwọn oníṣòwò àti olùkọ́ Mùsùlùmí láti apá ìwọ̀-oòrùn Sàhẹ́lì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀rí tún wà lókè òkun. Nígbà tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, ní oṣù kìíní 1835, malê ni wọ́n ń pè wọ́n, láti inú ìmàle tiwa. Alufá ni wọ́n sì ń pe àwọn olùkọ́ wọn, bíi Pacífico Licutan. Nígbà náà, Bíbélì Yorùbá kò tíì sí.

Ní oṣù kìíní 1844 ni Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn Yorùbá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Freetown. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọn kò lè fi àwòrò pe àwọn ọmọ Árónì, torí ojúbọ òrìṣà ń rùn lára ọ̀rọ̀ náà. Àlùfáà ni wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú wòlíì, wàásù àti àdúrà lẹ́nu Mùsùlùmí.

Ibo wá ni Ifá ti wọ̀ ọ́? Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa tú orúkọ wò, kí a rí ìtàn inú rẹ̀. Àwọn babaláwo pàápàá ní Òtúrá Méjì, odù tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ìmàle. Àlejò tó wọ agbo wọn ni wọ́n ka Ìmàle sí, wọn kò ní òun ló na baba wọn.

Nítorí náà, Ààfáà tó ń kọ́ni ní kéú àti àlùfáà tó wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ló yá a lọ́wọ́ mọ́sáláṣí; kò sì sẹ́ni tó ń sin gbèsè rẹ̀.