Ìtàn Àtúnṣe Ẹ̀rọ Ìjórin Lésà láti Ọdún 1960

Bí ẹ̀rọ tí a ń fi ìtànṣán lésà jórin bá dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ pé, kí ni ó bàjẹ́ lára rẹ̀? Kókó inú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè náà nìkan kò tó. Ìtàn ẹ̀rọ náà fi hàn pé dídákẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ àmì ìbàjẹ́, ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀. Atúnṣe tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ojú òun náà sì lè fọ́.

Ọjọ́ 16, oṣù karùn-ún, ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí Hughes ní Malibu, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pá òkúta rúbì kékeré kan ni ó lò, tí a fi fàdákà kun ní orí àti ní ìdí. Àtùpà tí ń kọ mọ̀nà, irú èyí tí àwọn ayafọ́tò ń lò, ni ó yí i ká. Nígbà tí ó di ọdún 1965, ilé iṣẹ́ Western Electric ti ń fi lésà lu ihò sára dáyámọ́ǹdì tí a ń fa wáyà gba inú rẹ̀. Àtùpà yìí jẹ́ ọ̀kan lára ibi àìlera ẹ̀rọ náà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ó bá kọ mọ̀nà ni ó ń gbó díẹ̀ sí i.

Ní ọdún 1964, ọ̀nà pín sí méjì. Ní ilé ìwádìí Bell, Kumar Patel fi gáàsì carbon dioxide ṣe lésà. Níbẹ̀ kan náà ni Joseph Geusic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi òkúta àtọwọ́dá tí à ń pè ní Nd:YAG ṣe tiwọn. Oríṣi méjèèjì wọ ilé iṣẹ́ ìjórin, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni wọ́n gbé wá, èyíinì ni ooru. Nínú ìdá 100 iná mànàmáná tí Nd:YAG alátùpà bá lò, nǹkan bí ìdá 3 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ìtànṣán. Ti onígáàsì tó nǹkan bí ìdá 10. Ooru ni ìyókù ń dà. Nítorí náà ni a ṣe ń mú kí omi máa ṣàn yí àtùpà àti òkúta Nd:YAG ká, tí a sì fi súwíìṣì kan ṣe aṣọ́ omi náà. Bí omi bá dín, tàbí bí ó bá gbóná jù, aṣọ́ yìí a dá ẹ̀rọ dúró. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iná àti omi, kí ó tó kan àtùpà, kí ó sì tó kan àwọn dígí, tí títò wọn gba sùúrù.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Atúnṣe tí ojú ń kán lè so wáyà aṣọ́ náà pọ̀, kí ẹ̀rọ lè gbà pé omi ń ṣàn tàbí pé ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtùpà tàbí òkúta lè sán. Èyí tí ó burú jù ni pé ojú kò lè rí ìtànṣán Nd:YAG, síbẹ̀ ó ń wọ inú ẹyinjú lọ jó awọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yorùbá ní, igi gańgan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n igi tí a kò lè rí, aṣọ́ nìkan ni ó lè bá ni wò ó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 náà ni Elias Snitzer ti fi hàn ní ilé iṣẹ́ American Optical pé okùn gíláàsì tín-ín-rín lè mú lésà jáde. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni agbára irú lésà yìí tó èyí tí ó gbilẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjórin. Kò ní àtùpà tí a ń pààrọ̀, kò sì ní dígí tí a ń tò nínú. Ṣùgbọ́n dídé pa ni inú rẹ̀ wà. Ohun tí ó kù fún atúnṣe ni iná, omi, àti gíláàsì ààbò ẹnu rẹ̀, tí ẹ̀ta irin máa ń sọ di dúdú. Lára èyí tí a ń fi ọwọ́ dì mú, ó tún kan ìdè tí a fi há irin: bí ẹnu ẹ̀rọ kò bá kan irin náà, ìtànṣán kì yóò jáde.

Ní ìkádìí, ètò àyẹ̀wò kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àṣẹ láti ṣí inú ẹ̀rọ ni ó yí padà. Ìmọ̀ títò dígí, tí ó wà lọ́wọ́ atúnṣe tẹ́lẹ̀, ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ. Ọgbọ́n tí a kò lè gbà lọ́wọ́ atúnṣe ni kí ó gbọ́ ohun tí aṣọ́ ń sọ kí ó tó pa á lẹ́nu mọ́.