Ẹ Fẹ́ Kó Ẹgbẹ́ Yín Lọ Wakọ̀ Lójú Omi? Ohun Tí Olórí Gbọ́dọ̀ Ṣe Rèé

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Oko Ọba àti Agége, ilé ìpẹran àti iléeṣẹ́ ńlá ló yí wa ká, kì í ṣe ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ wa ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, àfi lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí àwọn ará ibiṣẹ́ bá ní ká lọ ṣe fàájì ní Badagry, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sọdá sí erékùṣù Gberefu. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kó wọn lọ, tí wọ́n sì fẹ́ fọwọ́ ara wọn wa ọkọ̀, orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣàlàyé gbogbo nǹkan. Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà lójú omi kì í gbọ́ àlàyé mọ́.

Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀

Ẹ kọ orúkọ gbogbo èèyàn yín, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹnì kan ní èbúté, pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ máa padà. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló máa wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ fọwọ́ fa okùn rẹ̀ wò fún oníkálukú. Ti àgbà ò ṣe é wọ̀ fún ọmọdé, ó lè bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Òfin LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, nìyẹn. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni òṣèré Junior Pope kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi ní Anambra. Kò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Nínú ọkọ̀

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni kó wà ní ìdí ọkọ̀, ibẹ̀ la ti ń darí rẹ̀. Bí ẹni iwájú bá ṣe ń ki àjẹ̀ bọ omi ni káwọn yòókù máa tẹ̀ lé e. Kí gbogbo wọn jókòó. Ẹni tó bá dìde nítorí fọ́tò lè dojú ọkọ̀ dé. Bí ọkọ̀ bá pọ̀, kí ẹni tó mọ ojú omi wà nínú ti iwájú àti ti ẹ̀yìn pátápátá.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé

Ẹ di ọkọ̀ náà mú, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ sétí omi. Ọkọ̀ igi máa ń léfòó. Ẹ ka orí èèyàn, kẹ́ ẹ sì pe 767 tàbí 112.

Ẹ má dúró dalẹ́

NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ò gbà kí ọkọ̀ rìn lóru. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lóru lágbègbè Pàtígì, ní Kwara. Èrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 100.

Nítorí náà, bí òjò bá ṣú, tàbí láìfù jákẹ́ẹ̀tì ò kárí, ẹ sọ fún wọn pé a ò lọ mọ́. Wọ́n máa bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú, ṣáà ti kó gbogbo wọn padà sí Oko Ọba.