Ìtàn Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tàn

Ìtàn ọba àti ogun ni ẹ mọ̀ mọ́ ètò yìí. Tòní yàtọ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan tó kọ̀ tí kò tàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ ní sùúrù fún mi, ìtàn náà ni.

Oṣù kìíní ọdún 2009 ni. Ìjagun ni mo wà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Ilé-ìwé wa ṣì tuntun nígbà náà: ọdún 2005 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ di yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Tai Solarin. Èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti dá owó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá mi wà, orí mẹ́rin nínú márùn-ún. N kò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbì kankan.

A dé láti ìsinmi Kérésì, eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo yàrá. Mo ki wáyà bọ ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Ó dákẹ́ lọ gbáà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí n gbé iṣẹ́ lọ fún olùkọ́ mi. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Kọ̀ǹpútà mi ti kú."

"Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé ó ti kú? Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

Wọ́n bá mi délé. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Ìdí ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ki wáyà àtùpà ìkàwé bọ ibi tí mo ti yọ ti kọ̀ǹpútà, àtùpà tàn. A jẹ́ pé iná wà. Wọ́n wá tú orí wáyà kọ̀ǹpútà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Fíúsì inú rẹ̀ ti jó.

Ibẹ̀ ni ìtàn àkọ́kọ́ wà. Kí ló dé tí fíúsì fi wà nínú orí wáyà tiwa, tí kò sì sí nínú ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bàbà wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sì pọ̀. Wọ́n ní kí wáyà kan yí ilé ká bí òrùka, kí gbogbo ojú iná máa mu nínú rẹ̀, kí bàbà má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n iná tí òrùka yẹn lè gbé pọ̀ ju èyí tí wáyà tín-ín-rín ti rédíò tàbí àtùpà lè fara dà lọ. Nítorí náà, wọ́n ní kí orí wáyà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ọdún 1947 ni ìlànà orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí jáde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àwa náà ò sì fi sílẹ̀ dòní.

Wọ́n fi fíúsì tuntun sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tan án, wọ́n yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà síta, wọ́n wo súwíìṣì pupa kékeré kan. Ẹ̀gbẹ́ kan ni 115, èkejì ni 230. Orí 230 ló wà. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀: "A dúpẹ́."

Ọ̀rọ̀ 115 yẹn ti pẹ́. Ọdún 1882 ni Edison tan iná fún apá kan ìlú New York, 110 volt ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i títí di òní. Àwa ń lo nǹkan bí ìlọ́po méjì. Bí tòkunbọ̀ bá ti Amẹ́ríkà dé lórí 115, tí ẹni tó rà á kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó tàn án, ariwo ló máa gbọ́, èéfín á sì tẹ̀ lé e. Tòkunbọ̀ ni à ń pe ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wá sílé. Tiwa nìkan kọ́ ló dé: lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network kọ ọ́ pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì wúlò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí! Ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú, kọ̀ǹpútà ń ké píì, píì, píì. Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ń sọ ibi tó ń dùn ún ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré jáde, ẹni tí gbogbo irú tiwa yìí fi jọ. Kó tó ṣe ohunkóhun, á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ara rẹ̀ bá dá, á ké píì ẹ̀ẹ̀kan. Bí kò bá dá, igbe rẹ̀ á yàtọ̀. Ohùn ló fi ń sọ ọ́, torí ó lè má tíì lágbára àtikọ nǹkan kan sójú mọ́nítọ̀.

Ẹ̀gbọ́n yọ wáyà lára ògiri, wọ́n ṣí páálí irin rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan irin náà kí iná ara wọn má baà ba nǹkan jẹ́. Wọ́n yọ mẹ́mọ̀rì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó léyín bíi góòlù. Rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni wọ́n fi nu eyín náà, wọ́n tì í padà títí ó fi dún kẹ́. A tún un tàn. Píì ẹ̀ẹ̀kan. Ojú mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni ọjọ́: 1 oṣù kìíní, ọdún 1980. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, kọ̀ǹpútà mi ti gbàgbé ọdún 29! Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ ló ti tán. Láti ọdún 1984 ni IBM ti ń fi bátìrì sínú irú ẹ̀rọ yìí, kí aago rẹ̀ má baà dúró bí iná bá lọ. Ọdún 1980 sì ni ètò DOS ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. A pààrọ̀ bátìrì, a tún ọjọ́ ṣe. Iṣẹ́ mi pé, orí mẹ́rin.

Kí ẹ̀gbọ́n tó gba owó, wọ́n ní kí n da iṣẹ́ náà sórí flash méjì lójú wọn. "Ẹ̀rọ lè kú, àbúrò. Má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ ẹ bá a kú."

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yẹn, iwájú lèmi ń wò, mo ti ń rí ara mi tí mo ń tún ọdún kan kà. Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n wò: láti ògiri dé orí wáyà, láti orí wáyà dé súwíìṣì, dé mẹ́mọ̀rì, dé bátìrì. Ìbéèrè tí òpìtàn ń bi ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń bi ẹ̀rọ náà: níbo lo ti wá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ lójú ọ̀nà? Ilé-ìwé wa kọ́ mi ní ìtàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù bi í léèrè.

Bí tiyín náà bá kọ̀ lọ́la, ẹ má tíì sunkún. Ìdí ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, nígbà tó ṣì ń tàn, ẹ da iṣẹ́ yín síbòmíràn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.