Tọkọtaya tó tẹ̀dó sí Accra láìgba ìwé: Ohun tí ojú àwọn Yorùbá rí ní Ghana lọ́dún 1969

Tọkọtaya ọ̀dọ́ tó bá kó láti Èkó lọ máa gbé Accra lónìí, eré ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ sá. Bí wọn yóò bá lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí àdéhùn ECOWAS fàyè gbà, wọ́n ní láti gba ìwé ìgbélùú, kí wọ́n sì tún gba káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba Ghana ń ṣe fún àwọn àjèjì. Onílé lè ní kí wọ́n san owó ọdún méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni òfin ilé gbígbà ti ọdún 1963 ní kò gbọdọ̀ béèrè kọjá. Ká má tíì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ṣáájú wọn lọ kò rí ìkankan nínú èyí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn sì ti wọ́.

Ìgbà tí owó kan náà la jọ ń ná

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Gold Coast ni wọ́n ń pe Ghana. Lọ́dún 1912, Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ṣe owó fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Pọ́n-ùn àti ṣílè tí wọ́n ń ná ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni wọ́n ń ná ní Accra. Ẹni tó ta aṣọ òfì níbẹ̀ kò nílò láti ṣẹ́ owó kó tó fi ránṣẹ́ sílé. Lóòótọ́, ilẹ̀ àwọn Faransé wà láàárín, àmọ́ ọ̀nà láti Èkó dé Accra kò tó 500 kìlómítà.

Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Èjìgbò, Ìnísà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin wà lára àwọn ìlú tí ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Òwò ló gbé wọn lọ: aṣọ òfì, ìlẹ̀kẹ̀, nígbà tó sì yá, ọjà òyìnbó tí wọ́n ń já tà ní wẹ́wẹ́.

Ọkùnrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, lábẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan tó ti wà níbẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ti gbèrú tó láti gbéyàwó, á wá sílé wá mú un, tàbí kí àwọn òbí rẹ̀ bá a wá a, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún tó di ẹrù rẹ̀ láti Èjìgbò, tí kò gbọ́ Gã, tí kò gbọ́ Twi, tó wá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Tudu lọ́dọ̀ ọkọ tó lè máà tíì rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Á kọ́kọ́ bá ọkọ tajà. Tó bá yá, ọkọ á fún un lówó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, òun náà á ní ìsọ̀ tirẹ̀, èrè rẹ̀ á sì jẹ́ tirẹ̀.

Ọjà ló ń kọ́ni lédè. Ní Makola, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1924, ẹni tí kò lè kí oníbàárà ní "Ojekoo" láàárọ̀ kò lè tà. Inú ilé náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: kẹ́ńkè jọ ẹ̀kọ lójú, àmọ́ ó kan ju ẹ̀kọ lọ lẹ́nu, ó sì gba àkókò kí ọ̀nà ọ̀fun tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn 'Alata'

Àwọn onílé ní orúkọ fún wọn: Alata. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ, ẹni tó ń ta ata ni yóò rò, ọ̀pọ̀ ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orúkọ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdúgbò kan wà ní Jamestown tó ń jẹ́ Ngleshie Alata. Àwọn òpìtàn so ó mọ́ Allada, ní ilẹ̀ Benin òde òní, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kó òṣìṣẹ́ wá kọ́ odi James Fort ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Nígbà tó yá, orúkọ náà ràn mọ́ àwọn Yorùbá àti àwọn mìíràn tó ń ti ìhà ìlà-oòrùn wá. Títí di òní, "alata samina", ọṣẹ àwọn Alata, ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Ghana. Wọ́n lé àwọn Alata, ọṣẹ wọn kò bá wọn lọ.

Wọn kì í ṣe àlejò tó fara pamọ́. Chief Brimah, ọmọ Ìlọrin, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí àwùjọ Mùsùlùmí ní Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àdúgbò tó ń jẹ́ Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ló gbin ọ̀pọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà kò gbẹ́yìn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáwó fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bá tọkọtaya parí ìjà.

Nígbà tí wọ́n ṣe ètò ìkànìyàn lọ́dún 1960, Yorùbá tó wà ní Ghana lé ní 100,000, nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méje.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré

Ghana gba òmìnira lọ́dún 1957. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Nkrumah lé olórí Mùsùlùmí méjì kúrò ní Kumasi lọ sí Nàìjíríà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Ghana bẹ̀rẹ̀ sí ná owó tirẹ̀. Àmì ti wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i, àmọ́ ta ló fẹ́ fi ìsọ̀ sílẹ̀ torí àmì?

Lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Olóòtú Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn èèyàn wa ló jẹ̀bi, pé kí ló dé tí wọn kò gba ìwé. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó dé Accra lọ́dún 1938, ìjọba wo ni ì bá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ti bímọ, ó ti ní ìsọ̀, kí ìwé tó dé. Síbẹ̀, ká má parọ́ mọ́ àwọn ará Ghana. Iṣẹ́ wọ́n, ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, wọ́n sì ń rí i pé àlejò ló pọ̀ lẹ́nu òwò wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń kó èrè rẹ̀ lọ kọ́lé sí ìlú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ta ọjà tí èèyàn fi ogún ọdún kó jọ. Wọ́n tà á ní ọ̀pọ̀. Èyí tó tún dun àwọn mìíràn jù ni àwìn: ajigbèsè kò ní ohun tó fẹ́ ṣe ju kó dúró kí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Ilé ìjọsìn tó máa ń kún fún orin Yorùbá dá páropáro. Tọkọtaya tó ti kọ́lé sílé ríbi wọ̀ sí. Àwọn tí kò kọ́lé di aláàbágbé ní agbo ilé tí wọ́n bí wọn sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Accra sì bá ara wọn ní ìlú tí wọ́n ń sọ fún wọn pé tiwọn ni, tí wọ́n ń fi Gã bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò doríkọ Abidjan, níbi tí àwọn èèyàn wọn ti wà tẹ́lẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà, àwọn ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì "Ghana Must Go" la fi ń rántí ìyẹn. A kò ní báàgì kankan tí a fi ń rántí 1969.

Àwọn kan padà lọ. ECOWAS dé lọ́dún 1975, àdéhùn ìrìn fàlàlà sì tẹ̀lé e lọ́dún 1979. Àmọ́ nínú òfin ìdókòwò tí Ghana ṣe lọ́dún 2013, wọ́n ya ọjà títà nínú ọjà àti kíkiri ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú nìkan. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà rírà àti títà, òfin náà ní kó mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba ogún òṣìṣẹ́ ọmọ Ghana tó mọṣẹ́. Ìyàwó tó bọ́ sílẹ̀ ní Tudu láyé ọjọ́sí, owó díẹ̀ láti ọwọ́ ọkọ ló fi ní ìsọ̀ tirẹ̀.