Yamaha XT 500 tó ti sáré ìje rí: bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe kó lè padà sójú títì

Alùpùpù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni Yamaha XT 500. Ọdún 1976 ni ilé iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ quatre temps, sílíńdà kan ṣoṣo ló ní, 499 cm³. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á kó tó dìde. Tí kò bá sí ẹsáǹsì nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 140 kg. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Faransé fi fẹ́ràn rẹ̀, torí ó lè rin títì, ó sì lè rin yanrìn.

Ibi tó ti gba orúkọ

Ní 1977, Thierry Sabine sọnù nínú aginjù Sahara pẹ̀lú XT 500 rẹ̀, nígbà ìje Abidjan-Nice. Wọ́n rí i láàyè, ibẹ̀ ló sì ti ronú kan ìje Paris-Dakar. Èyí àkọ́kọ́ gbéra ní Paris ní 26 oṣù Kejìlá 1978, ó dé Dakar ní 14 oṣù Kìíní 1979, lẹ́yìn nǹkan bíi 10 000 km. Ó gba Algérie, Niger, Mali àti Haute-Volta (Burkina Faso ìsinsìnyí) kọjá kó tó wọ Sénégal. Niger àti Burkina, aládùúgbò wa ni wọ́n. Cyril Neveu, ọmọ Faransé, ẹni ọdún 22 nígbà náà, ló gba ipò kìíní lórí XT 500. Ní 1980 ó tún gbà á. Lọ́dún yẹn, XT 500 ló wà ní ipò kìíní títí dé ìkẹrin láàárín àwọn alùpùpù.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń sáré nígbà náà o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi owó ara wọn ra XT 500, tí wọ́n tún un ṣe nínú gáréèjì, tí wọ́n sì gbé e wọ aginjù. Nígbà tí ìje parí, wọ́n gbé e síbi kan, ó ń gba ekuru. Irú àwọn yẹn ni àwọn èèyàn ń gbé jáde lónìí ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n fẹ́ máa gùn lọ sí ọjà àti sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìje ń fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ojú títì ń fẹ́. Ìje ń fẹ́ kó fúyẹ́, kó yára, kó ṣáà dé ibi tó ń lọ. Títì ń fẹ́ kó lè dúró nígbà tí ọmọdé bá sáré kọjá níwájú, kí àwọn ẹlòmíràn rí i lálẹ́, kó sì dìde láràárọ̀. Ẹni tó bá kùn ún ní ọ̀dà tó ń dán láì wo ìyẹn, ewu ló ń kùn lọ́dà.

Kí ni ìje ti ṣe sí i?

Wọ́n ti yọ iná ìyàpa-ọ̀nà (clignotant), fèrè àti dígí kúrò. Wọ́n ti gé irin tó bo táyà. Wọ́n ti lu ihò sára àwọn irin kan kó lè fúyẹ́. Wọ́n ti fi táǹkì ńlá sí i, wọ́n ti yọ ohun tó ń pa ariwo nínú páìpù èéfín. Nígbà míì wọ́n ti pààrọ̀ písítọ̀n kó lè lágbára sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìṣubú, okúta àti yanrìn tún wá ṣe tiwọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú bọ́ọ̀tì kan

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti kọ́kọ́rọ́ irin. Ìwé ni. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n lù sára ọrùn cadre, òmíràn wà lára ẹ́ńjìnì. Ẹ ka nọ́ńbà cadre náà, kí ẹ fi wé carte grise. Tí wọn ò bá bára mu, tàbí tí ẹnì kan ti fi fáìlì ha ibẹ̀, ẹ dá owó yín dúró. Èèyàn lè ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí alùpùpù tí kò ní lè gùn láé, torí pé wọ́n jí i gbé lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìkejì, ẹni tó ń tà á lè sọ pé ó ti sáré Dakar rí. Nọ́ńbà tí wọ́n kùn sára táǹkì kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọmọ kékeré lè kùn ún. Ẹ̀rí ni fọ́tò àtijọ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìje, orúkọ tó bá ti inú ìwé mu. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ san owó alùpùpù ogbó lásán.

Ìkẹta, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi, òkè, ìsàlẹ̀, bí wáyà ṣe gbà kọjá. Ohun tí ẹ bá tú, ẹ kó o sínú àpótí, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára. Ọmọ iṣẹ́ tó bá da gbogbo bọ́ọ̀tì sínú agolo kan, oṣù mẹ́ta ni yóò fi wá èyí tó sọnù.

Cadre: epo wà nínú irin

Ohun kan wà lára XT 500 tí kò sí lára ọ̀pọ̀ alùpùpù wa. Epo ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í gbé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Inú irin cadre fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń da epo sí. Nítorí náà, bí cadre bá sán nígbà ìṣubú, epo á máa jò. Bí ìpẹtà bá wà nínú irin náà, inú ẹ́ńjìnì ni yóò lọ.

Ẹ fọ inú irin náà dáadáa, kí ẹ sì yọ asẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ fọ òun náà. Tí wọ́n bá fẹ́ fi yanrìn fẹ́ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára cadre, kí wọ́n kọ́kọ́ dí gbogbo ihò pa. Ẹ̀kúnwọ́ yanrìn tó bá kù sínú ibẹ̀ tó láti ba ẹ́ńjìnì tuntun jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá cadre tẹ̀, ẹ gbé irin gígùn tó nà tàntàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà méjèèjì. Táyà iwájú tínrín ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí náà àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú. Kí àlàfo náà dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí kò bá dọ́gba, nǹkan kan ti wọ́. Ihò tí wọ́n lù sára irin tó gbé ẹrù ara, ẹni tó mọ iṣẹ́ àlùrọ̀ dáadáa ni kó wò ó.

Ìjánu àti táyà ṣáájú ẹ́ńjìnì

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ sídìí ẹ́ńjìnì torí ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìjánu, ìyẹn frein. XT 500 ní ìjánu tambour níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn ogójì ọdún, awọ ìjánu máa ń ṣí kúrò lára irin tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá ṣí nígbà tí èèyàn ń sáré, ó lè di táyà mú gírígírí. Ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ì báà ṣe pé ó ṣì nípọn. Ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́ ekuru inú tambour. Amiante wà nínú ọ̀pọ̀ awọ ìjánu àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Táǹkì ńlá náà kan ìjánu. Lítà ẹsáǹsì kan wọ̀n tó nǹkan bíi 0,75 kg. Tí lítà 30 bá wà nínú táǹkì, ó lé ní 22 kg tí ìjánu kékeré náà ní láti dá dúró.

Táyà iwájú jẹ́ 21, ti ẹ̀yìn jẹ́ 18. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà: tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta, a ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé, ẹ jù ú nù bó ti wù kó rí. Táyà ìje kan wà tí kò ní àṣẹ ojú títì, ìyẹn náà kò yẹ.

Ẹ́ńjìnì

Kí mẹkaníkì wọn písítọ̀n àti sílíńdà, kó má fi ojú lásán wò ó. Tí sílíńdà bá ti jẹ, wọn yóò gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì fi písítọ̀n tó bá a mu sí i. Compression ti ilé iṣẹ́ jẹ́ 9 sí 1. Bí písítọ̀n ìje bá ti gbé e ga, ẹ́ńjìnì á máa gbóná nínú sún kẹẹrẹ ìlú, ẹsẹ̀ tó ń ta á yóò sì jìyà. Ẹ dá a padà sí ti ilé iṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, àlàfo soupape ìwọlé jẹ́ 0,10 mm, ti ìjáde jẹ́ 0,15 mm.

Tí ẹ bá ti dá ohun tó ń pa ariwo padà sínú páìpù, carburateur tí wọ́n tò fún ìje kò bá a mu mọ́. Bougie ni yóò sọ òtítọ́. Bó bá funfun, ẹsáǹsì kò tó, ẹ́ńjìnì ń gbóná jù. Bó bá dúdú bí èédú, ẹsáǹsì ti pọ̀ jù. Bó bá ní àwọ̀ bíi kọfí oníwàrà, ó dára.

Ní ìjí àkọ́kọ́, ẹ rọra tú bọ́ọ̀tì páìpù epo tó lọ sórí ẹ́ńjìnì díẹ̀. Epo gbọ́dọ̀ yọ níbẹ̀ láìpẹ́. Bí kò bá yọ, ẹ pa á kíá. Bákan náà, ẹ má ṣe wọn epo láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó ṣiṣẹ́. Epo lè ti sọ̀ kalẹ̀ lóru kúrò nínú cadre, ẹni tó bá rò pé ó dín tó sì tún bù sí i, àbùjù ló bù. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná, kí ẹ pa á, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Títa á náà ní ọgbọ́n. Ọwọ́ kékeré kan wà, décompresseur, àti fèrèsé kékeré kan lára orí ẹ́ńjìnì. Ẹ fa ọwọ́ náà, ẹ rọra tẹ kick títí àmì yóò fi hàn nínú fèrèsé, ẹ fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ẹ wá ta á tagbáratagbára láì dúró lágbedeméjì. Ẹni tó bá fi ojo ta á, ó lè tà padà kó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Bàtà líle ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ sálúbàtà.

Iná àti táǹkì

Volt 6 ni iná àwọn XT 500 ìgbà náà, kò mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ń yí i sí volt 12, èyí sì dára, bí wọ́n bá tọ́jú àwọn ẹ̀yà àtijọ́ rẹ̀. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná ìjánu, fèrè àti dígí gbọ́dọ̀ padà wá.

Ní ti táǹkì: ẹ má ṣe gbé iná àlùrọ̀ sún mọ́ táǹkì tó ti gba ẹsáǹsì rí, kódà bó gbẹ. Oorun ẹsáǹsì tó kù nínú rẹ̀ tó láti bú gbàmù. Ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbé e fún.

Ìwé àṣẹ

Ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ tàbí alùpùpù tó bá ti pé ọdún 30, tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, tó sì ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, lè gba carte grise de collection. Fédération Française des Véhicules d'Époque (FFVE) ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí fún un. Èyí ran ẹni tí ìwé alùpùpù rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́. Láti 15 oṣù Kẹrin 2024, contrôle technique ti kan alùpùpù náà níbẹ̀: wọ́n ń wo ìjánu, iná, ariwo àti èéfín.

Kí ni kí a má pa rẹ́?

Níbí ni ìjà máa ń wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́. Bí wọ́n bá sọ gbogbo rẹ̀ di tuntun, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé ó ti la Sahara kọjá. Bí wọn ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, kò ṣeé gùn. Ọ̀nà tó dára jù ni èyí: ohun tó lè pa èèyàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó kàn burẹ́wà, ẹ fi í sílẹ̀. Awọ ìjánu, táyà, wáyà àti òrùka písítọ̀n, kò sí ìtàn lára wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìje tó ti ń ṣá, ojú àpá tó wà lára táǹkì, irin tí wọ́n fi ọwọ́ gé, ìtàn ni gbogbo wọn. Ohun ìje tí ẹ bá yọ, ẹ má tà á, ẹ kó o jọ sínú àpótí kan. Ẹni tó bá ra alùpùpù náà lọ́la lè nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo bọ́ọ̀tì dì. Sílíńdà kan ṣoṣo ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń mì tìtì, ó sì ń tú nǹkan. Ẹ tètè da epo àkọ́kọ́ nù, kí ẹ wo ohun tó bá a jáde. Bí irin bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnì ń bẹ yín pé kí ẹ dúró.

Ẹni tó ní alùpùpù ogbó lẹ́yìnkùlé ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Porto-Novo lè tẹ̀ lé ètò kan náà, bí kò tilẹ̀ sáré ìje rí: ìwé, cadre, ìjánu, táyà, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnì, iná, kí ọ̀dà ó gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀.