Àjọ̀dún Káyó-káyọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn



Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: àjọ̀dún tí ìlú fi ń rántí ìtàn rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí òpìtàn tẹ́tí sí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan péré ni. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àpẹẹrẹ tí n ó mú wá ni Káyó-káyọ̀, àjọ̀dún tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá ní ìlú Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà. Ọmọ Ògbàgì ní ilẹ̀ Àkókó ni èmi. Òkè àti àpáta ni ó yí wa ká, a kò ní ọ̀sà. Mo lè wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè, láìgbè ẹnikẹ́ni.

Kí ni wọ́n ń rántí ní Ẹ̀pẹ́? Ní ọdún 1845, nínú Ogun Olómirò, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè Èkó. Ní òpin oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn àgbá lu Èkó nínú ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Àgídìngbì, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, sá gba ojú omi lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe àdéhùn. Ó jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí oyè Èkó, ó sì ṣèlérí láti pa òwò ẹrú tì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé òun ni ó ni èbúté Palma àti Lẹ́kí. Ní ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ní ọdún 1862 Kòsọ́kọ́ padà sílé, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1872.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ẹ̀rí àjọ̀dún náà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni àlàyé rẹ̀: kí á yó, kí á yọ̀. Nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tá ni Kòsọ́kọ́ jẹ́. Nínú àjọ̀dún, ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìbọn tí ó sì rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Ìwé kò sọ ayọ̀ yẹn fún wa. Ẹ̀rí kejì tún wà níbẹ̀: Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ọdún náà ní Ẹ̀pẹ́, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a wá kò padà. Àwọn tí ó bá Ọ̀ṣọ́dì Tápà, balógun rẹ̀, padà ní 1862 ní ìrántí tiwọn: Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni orúkọ àdúgbò tí wọ́n dó sí ní Èkó títí di òní.

Ṣùgbọ́n ta ni kò sọ̀rọ̀? Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ àlejò tó gúnlẹ̀. Ọjọ́ tí àlejò ń pè ní ọjọ́ ìgbàlà, báwo ni ó ti rí lójú onílé? Àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú lórí ọ̀sà kan náà kò ní àjọ̀dún. Ẹ wo Ọ̀ṣọ́dì fúnra rẹ̀: ilẹ̀ Tápà ni a ti bí i, ẹrú ni ó jẹ́ nígbà tí ó dé ààfin Èkó, kí ó tó di balógun. Ní Àkókó, bí àgbà bá sọ pé Tápà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìkónilẹ́rú ni ó ń sọ, àti bí àwọn baba wa ṣe sá gun orí òkè. Orúkọ kan náà ni, akọni ni ní etí ọ̀sà, ẹ̀rù ni ní ẹsẹ̀ òkè.

N kò sọ pé kí a dá ọdún dúró. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí ìlú tí ó bá ń ṣe ọdún ìrántí fi àyè sílẹ̀ nínú ètò rẹ̀ fún ẹlẹ́rìí kejì. Kí àgbà Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ kan sọ bí wọ́n ṣe gba àlejò. Kí ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kan sọ ìdí tí àwọn fi padà. Kí a sì dárúkọ òwò ẹrú níwájú àwọn ọmọdé, nítorí inú ìtàn kan náà ni ó wà. Àwọn àgbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu baba wọn ń dín kù lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni orin àti ijó kò lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́ fún wa. Àwa ará Àkókó náà kò yọ sílẹ̀: nígbà tí a bá ń ṣe ọdún ìlú wa, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí a kò tíì pè kí ó wá sọ tirẹ̀.